Ìdáhùn fún ìyá ọlọ́mọ oṣù mẹ́wàá: ẹ má dúró dìgbà tó bá rìn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin ìyá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ yín ní Manchester sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ ń yára gòkè jù, àmọ́ màmá yín tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá yín tọ́jú ọmọ ní ọ̀rá ọmọ ọwọ́ lásán ni, pé bó bá ti ń rìn, á fọn. Ẹ wá ń béèrè ta ni kí ẹ gbọ́ tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

November 2009 ni mo bí àkọ́bí mi ní Peckham, ní London. Nígbà tí oyún ń lọ sí oṣù méje, wọ́n fún mi ní omi ṣúgà mu, wọ́n ní kí n jókòó fún wákàtí méjì, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní mo ti ní ìtọ̀ ṣúgà inú oyún. Mo ní lórúkọ Jésù, kì í ṣe tèmi. Mo ń bá mọ́ọ̀tì mi lọ, torí wọ́n ti sọ fún mi láti ilé pé mọ́ọ̀tì ló ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, ṣùgbọ́n insulin ìyá, ìyẹn èròjà tí ara fi ń kápá ṣúgà, kì í bá a kọjá. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe insulin lọ́pọ̀ láti fi bá ṣúgà náà jà, ara rẹ̀ á sì máa kó èyí tó ṣẹ́kù pamọ́ bí ọ̀rá. Kílò 4.2 ni ọmọ mi nígbà tó wáyé. Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn ènìyàn ń gbé e káàkiri, wọ́n ń kí mi kú oríire.

Ìyá ọkọ mi dé lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ògì gbígbẹ dání. Ó ní ọmú mi kò lè tó ọmọkùnrin. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára agolo mílíìkì pé ṣíbí mẹ́rin, Màmá á bu márùn-ún kó lè ki dáadáa. Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta, ògì ti wọ inú fídà. Bó bá sì yíjú kúrò níbẹ̀, Màmá á tẹ́ ẹ sórí itan, á fi apá kan ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ká àtẹ́lẹwọ́ kejì bí abọ́ sí i lẹ́nu, á sì máa rọ ọ́. Ọmọ á máa tú u síta, á máa sunkún, á sì gbé e mì kó tó lè mí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ń sọ. Bí wọ́n ṣe rọ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn.

Mi ò bú Màmá. Ọmọ méjì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe máa rí ọmọ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ kí ẹ̀rù bà á. Ìfẹ́ ló fi ń rọ ọ́. Àmọ́ ọmọ tó ń mu ọmú fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tó yó: á jáwọ́, á sùn. Ọmọ tí wọ́n ń rọ, ẹlòmíì ló ń bá a yó. Lóṣù dé oṣù, ọmọ mi kọ́ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ bí ikùn òun bá ní ó tó. Ohun tí mo rí nígbà tó di ọmọ ọdún márùn-ún nìyẹn: kì í mọ̀ pé òun ti yó, àfi bí abọ́ bá gbẹ.

Ìwé pupa tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orí ìlà 91 ló wà lọ́jọ́ tí mo bí i, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 91 ló fúyẹ́ jù ú lọ. Ní oṣù mẹ́fà, ó ti kọjá ìlà 99.6, ìlà tó ga jù nínú ìwé náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ìwé yìí, mi ò kà á. Ẹ lọ ṣí tiyín lálẹ́ òní. Kì í ṣe pé ọmọ tóbi ló ń ba nọ́ọ̀sì lẹ́rù. Ọmọ tó tóbi tó sì ń tẹ̀ lé ìlà tirẹ̀ lè máà ní ìṣòro kankan. Fífò láti ìlà kan sí òmíràn láàárín oṣù díẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn náà ni ilé fúnra rẹ̀. Àjà kẹrin là ń gbé, lífìtì kì í sábà ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà ilé àǹtí kan ni ọmọ ń sùn, aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ni mo sì ń jí i gbé pọ̀n. Oorun rẹ̀ kì í ju wákàtí mẹ́jọ lọ, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún kan sí méjì sùn fún wákàtí 11 sí 14. Bí a bá délé, èmi gan-an ń tòògbé. Tẹlifíṣọ̀n ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú bisikíìtì àti júùsì nínú fídà.

Lọ́dún 2015, lẹ́tà dé láti ibi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ìwé. Wọ́n ní ó sanra jù. Mo fa lẹ́tà ya, mo ní àwọn òyìnbó tún dé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọmọ yẹn jókòó sórí àtẹ̀gùn àjà kejì, ó ń mí gúlegúle, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé èmi ni mo ṣe ara mi báyìí?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo jókòó tì í, mo sunkún.

Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí, torí pé rárá ni ìdáhùn rẹ̀. Kò tíì mọ̀rọ̀ sọ nígbà tí a ti tò ó sílẹ̀ fún un. Ní England, àwọn ọmọ tó sanra jù ní àwọn àdúgbò tó tálákà jù lọ ju ìlọ́po méjì ti àwọn àdúgbò tó rọ̀ ṣọ̀mù jù lọ. Ẹ tún wo èyí: lẹ́yìn ogun, ìwọ̀n ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń pín ṣúgà títí di September 1953. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi àwọn tí ṣúgà wọ́n nígbà tí wọ́n wà nínú oyún títí wọ́n fi tó ọmọ ọdún méjì wé àwọn tí kò rí irú rẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà tó sábà máa ń mú àgbàlagbà, fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún kéré lára wọn nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn ọmọ yẹn kò mọ̀ pé ẹnì kan ń fi ìwọ̀n pín ṣúgà.

Èkejì mi dé lọ́dún 2016. Ìtọ̀ ṣúgà náà tún yọjú, àmọ́ mo ń gún ìka mi wò lójoojúmọ́, mo pa mọ́ọ̀tì tì. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Mo bẹ ọ̀gá mi títí ó fi gbé mi sí iṣẹ́ ọ̀sán. Fúláàtì kan náà ni o, lífìtì kan náà. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ lé ló ń tọ̀ títí dòní. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì le. Wọn ò ní kó fọn, wọ́n ní kí ìwọ̀n rẹ̀ rọra dúró kí gíga lé e bá, ó sì ń gbìyànjú gan-an.

Nítorí náà, ẹ má febi pa ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ewédú tí kò níyọ̀, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Bó bá yíjú, ó parí nìyẹn. Omi nínú ife, kí júùsì kúrò nílé. Ṣíbí mílíìkì kò gbọdọ̀ ju èyí tó wà lára agolo lọ. Ẹ pa fóònù, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ kó máa rá kiri.

Ní ti màmá yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ mú ìwé pupa lọ bá wọn, ẹ fi ìka tọ àwọn ìlà náà fún wọn. Tí wọ́n bá sì tún gbé fídà, ẹ gbé ọmọ lé wọn lẹ́yìn kí wọ́n máa pọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yin gba fídà.