Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ọmọ odó ni mo fi ń lù wọ́n lójú àlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá wa. Ọmọ ọdún 39 ni mí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ, èmi ni mò ń yí wọn lórí ibùsùn ní wákàtí méjì méjì lóru bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ọsibítù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọn ò ní egbò kankan lára. Mo ti pa ìsọ̀ èlùbọ́ mi tì ní Bódìjà. Ọmọ ìyá mẹ́rin ni ọkọ mi ní. Èyí ẹ̀gbọ́n obìnrin yà kí Màmá nínú oṣù Kejìlá nígbà tí wọ́n ń lọ sóde. Léèsì búlúù ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú Màmá, wọ́n ní yàrá náà ń rùn, wọ́n lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ má bínú mà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí mo ti ń lá àlá kan náà nídàájí. Màá máa fi ọmọ odó lu Màmá lórí ibùsùn. Wọn kì í ké. Léèsì búlúù ni wọ́n máa ń fi bora. Bí mo bá ta jí, òógùn á ti bò mí, màá sáré lọ wò ó bóyá wọ́n ṣì ń mí. Mo sọ fún wòlíì kan, ó ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń lo ọwọ́ mi, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí n sì wá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ṣé apànìyàn ni mí ni?
— Ìyàwó Ilé, Ìbàdàn

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú nọ́ọ̀sì rí nínú rẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, tí kò ní egbò ní ìdí, tí kò ní in ní gìgísẹ̀! Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọsibítù àìsàn ọpọlọ Àrò l'Abẹ́òkúta ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ìyẹn ń gbà. Ó ń gba kéèyàn dìde nígbà tí gbogbo ilé ń hanrun, kó yí ara tó wúwo ju tirẹ̀ lọ, kó pààrọ̀ aṣọ tó tutù, kó tó padà lọ sùn fún wákàtí kan àbọ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe èyí lóru gbogbo kì í ṣe ọwọ́ apànìyàn. Ara Màmá fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ.

Ó wá ku àlá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ló ń gbé. Ẹni tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é ni wọ́n ń pa á fún, ìwọ sì nìyẹn. Ìyàwó ilé ni ọ́. Gbogbo ọmọ bíbí ilé náà, tàgbà tèwe, ọkọ rẹ ni wọ́n ń jẹ́ nínú àṣà tiwa. Ta lo fẹ́ kọjú sí kí o sọ fún un pé ó ti rẹ̀ ọ́? Wọ́n á ní ìyàwó yìí ò níwà. Nítorí náà lo ṣe rẹ́rìn-ín, tí o ní ẹ má bínú mà, tí o sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọ̀rọ̀ tí a bá gbé mì bẹ́ẹ̀ kì í dà bí oúnjẹ. Inú ló ń jókòó sí.

Wo léèsì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lo dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, mi ò sì rò pé o fura. Nínú oṣù Kejìlá, ara ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ló wà. Lójú àlá, ó ti di aṣọ ìbora Màmá. Bí mo ṣe rí i ni pé o kò rí ẹni tó yẹ kí o bá jà lójú ayé, ni ìbínú rẹ bá lọ bá ẹni tó wà nítòsí, ẹni tí kò lè fèsì. Ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú ìbínú náà jẹ́ ti Màmá gan-an. Ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èèyàn lè fẹ́ràn aláìsàn dénú, kí ìtọ́jú rẹ̀ sì sú u lọ́jọ́ kan náà. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìyá wọn ju ẹ̀mí ara wọn lọ.

Ti ìdájí tí o sọ, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Oorun ní apá kan tí ẹyinjú máa ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ibẹ̀ ni àlá tó lágbára pọ̀ sí jù. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 síra ló ń wá, ó sì ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Ẹni tí wọ́n ń já oorun rẹ̀ bí tìrẹ, bí ara rẹ̀ bá ráyè díẹ̀, ńṣe ló máa ń gba àlá tó pàdánù padà, á sì gbà á tagbára tagbára. Ìdí nìyẹn tí mo fi lòdì sí ààwẹ̀ ọjọ́ méje fún ẹni tí kò rí oorun wákàtí mẹ́ta pa pọ̀. Má fi àdúrà sílẹ̀ o, èmi náà kì í sùn láìka Sáàmù. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́ gidigidi: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe níwájú èrò. Bí Màmá bá kú lọ́la, tí àìsàn ló pa wọ́n, ìjẹ́wọ́ yẹn ni wọn yóò máa gbé kiri lórí rẹ.

Èmi alára ti dé ibẹ̀ rí. Ní 1991, lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lá a pé mo ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí kànga. Mo ti ń ṣètọ́jú àwọn ẹlòmíì fún ọdún méjìlá nígbà náà, síbẹ̀ mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ìyá mi ni mo sọ ọ́ fún. Ata ni wọ́n ń lọ̀. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní, “Oko kòkó tó tà láìsọ fún ọ ńkọ́, o ti bá a sọ ọ́?” Mi ò tíì bá a sọ ọ́. Ìran tiwọn mọ̀ nípa èyí ju tiwa lọ: bí òrogún bá ṣẹ ìyá mi, orin òwe ni wọ́n máa fi dá a lóhùn lórí ọlọ, gbogbo agbo ilé á gbọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè mú wọn. Ìwọ ò ní ọlọ, o ò sì ní orin.

Sọ fún ọkọ rẹ. Má fi ọmọ odó bẹ̀rẹ̀. Fi àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí o sọ iye ìgbà tí o ń dìde lóru. Òun ni kó pe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, nítorí ẹnu ìyàwó kò gbà á. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò ní 1954, pẹ̀lú ẹbí ni aláìsàn ń wá, tí wọ́n ń gbé nínú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká. Ohun tí àwa tó tẹ̀lé wọn kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnì kan kì í dá ru àìsàn. Kí ọmọ mẹ́rin pín owó pámpásì àti owó ẹni tí yóò máa sun ọ̀dọ̀ Màmá lóru mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ìwọ padà sí Bódìjà, ìbáà jẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Fún àlá náà fúnra rẹ̀, mú ìwé lọ́sàn-án, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o yí ìparí rẹ̀ padà bó bá ṣe wù ọ́. Bóyá o gbé ọmọ odó kalẹ̀, o sì ká léèsì yẹn kúrò, o dá a padà fún ẹni tó ni ín. Máa fojú inú wo èyí tuntun yìí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́. Àwọn tó ń tọ́jú àlákálàá ń lò ó, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ojú rẹ là sílẹ̀ tí ó ń ṣe ọ́ bíi kí o lù wọ́n, tàbí o ti fún wọn lápá pẹ̀lú ìbínú rí, tàbí o ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, fi Màmá sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́jọ́ náà gan-an, kí o lọ sí ọsibítù.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún 63 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà. Láti ọdún méjì, bí olè bá lé mi lójú àlá, ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ ni màá máa jù lórí ibùsùn. Lóṣù tó kọjá ẹ̀ṣẹ́ bá ìyàwó mi lójú. Àwọn alájọgbé ń sọ pé mò ń lù ú, bẹ́ẹ̀ a ò jà rí. Ìbínú wo ló wà nínú mi?
— Bàbá Awakọ̀, Ṣágámù

Ẹ kú ìpayà, Bàbá. Mi ò ní í wá ìbínú kankan nínú yín. Nínú apá oorun tí mo sọ lókè yẹn, ọpọlọ máa ń de ara mọ́lẹ̀ kó má baà ṣe ohun tí àlá ń ṣe. Lára àwọn kan, pàápàá ọkùnrin tó ti lé ní 50, okùn yẹn máa ń tú. Àwọn dókítà ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn kan ní 1986. Àwọn oògùn kan fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè fà á. Nígbà míì ó máa ń ṣáájú àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, nítorí náà ẹ má fi falẹ̀. Ẹ gbé àdá, ìgò àti àtùpà kúrò nítòsí, ẹ tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀, kí ìyàwó yín sùn sórí ibùsùn mìíràn ná. Ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan, wọ́n wà ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, kí ìyàwó yín sì bá yín wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Òun ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ń sùn.