Ṣé eyín tí yóò ṣáà já yẹ ní títọ́jú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Dókítà eyín níbi tí a ń gbé sọ pé kòkòrò ti jẹ eyín ẹ̀yìn méjì lẹ́nu ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ó sì fẹ́ dí wọn. Màmá mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé eyín ọmọdé yóò ṣáà já. Kò tíì dùn ún o. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni màmá sọ pé yóò já, àmọ́ ìgbà wo? Eyín iwájú ló ń já ní nǹkan bí ọdún 6. Àwọn tí a fi ń lọ oúnjẹ lẹ́yìn máa ń dúró títí di ọdún 10 sí 12, àwọn ló sì ń di àyè mú fún eyín àgbà tó wà nísàlẹ̀ wọn. Mo fi ti àbígbẹ̀yìn mi falẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú lóru ọjọ́ kan. Wọ́n yọ eyín náà, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún síwájú, nígbà tí eyín àgbà sì dé, kò rí àyè, ó hù wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ má fi àìdùn rẹ̀ tan ara yín. Ara líle tó bo eyín ọmọdé fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ, nítorí náà ihò kì í pẹ́ dé ibi tí iṣan wà. Ẹ bi dókítà bí ó ti jìn tó: èyí tí kò jìn, wọn a dí i, èyí tó tóbi, wọ́n lè fi adé irin kékeré bò ó, nígbà mìíràn láìgbẹ́ eyín rárá, yíyọ ló kẹ́yìn.

Nílé, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè lábẹ́ iná. Ìlà funfun bí ẹfun lẹ́bàá èrìgì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìjẹrà tí fluoride, èròjà inú ọṣẹ ìfọyín tó ń mú eyín le, ṣì lè dá dúró. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fọ eyín náà fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí ọwọ́ ọmọ ọdún 4 kì í dé ẹ̀yìn. Kí ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride má ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ, kí ó tu ìfófó rẹ̀ dànù láìfi omi yọ ẹnu. Ti alẹ́ ṣe kókó jù, nítorí itọ́ tó ń ṣan ṣúgà kúrò máa ń dín kù lójú oorun. Bí ó bá sì ṣì ń mu wàrà tàbí jùùsì sùn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú tàbí tí ara rẹ̀ gbóná kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín tó pé, ẹ má dúró. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.