Ohùn Yorùbá lábẹ́ EEG: ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́

Ẹ bèèrè irú ẹ̀rọ EEG (tó ń fi electrode, àwọn ohun kéékèèké tí à ń lẹ̀ mọ́ orí, ka iná mànàmáná ọpọlọ) tó yẹ kí ẹ rà láti fi wádìí bí ọpọlọ ṣe ń gbọ́ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Ìró tí ẹ máa gbé síwájú àwọn olùgbọ́ ni iṣẹ́ gan-an, bí òun bá ti wọ́, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe. Ẹ sì mọ̀ pé ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni EEG mọ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ lẹ ń wá, fMRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ni kí ẹ lọ bá.

Ẹ mú kọ́, kọ àti kọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó pè wọ́n, láàárín gbólóhùn, kó má ṣe jẹ́ ní ìparí, torí ohùn ìsàlẹ̀ máa ń já wálẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè há débi pé Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn ìró, á ka ìdajì iye gíga ohùn tó yẹ. Ohùn àárín ni kó ṣáájú wọn: ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ìsàlẹ̀ máa ń gùnkè bọ̀ ni, kì í dúró lókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ nìkan ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ yí gíga ohùn rẹ̀ padà nínú Praat láti rí méjì yòókù. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn tó 250 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), kí agbára ìró wọn sì dọ́gba. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gígùn ìró ni ọpọlọ ń fèsì sí, ẹ̀yin á rò pé ohùn ni.

MMN (mismatch negativity), ìfèsì ọpọlọ nígbà tí ìró àjèjì bá já lu ìró tó ń dún léraléra, tí Näätänen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ròyìn ní 1978 ló bá ìbéèrè yín mu. Ìró 1,000, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 600 ms: ìṣẹ́jú 10 péré. Kí 850 jẹ́ kọ, 150 jẹ́ kọ́, kí àjèjì méjì má tẹ̀léra. Lẹ́yìn èyí, ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Kọ́ tó jẹ́ àjèjì ni kí ẹ fi wé kọ́ tó ń dún léraléra, lórí Fz (electrode tó wà láàárín iwájú orí), láàárín 150 sí 250 ms. Ọ̀pọ̀ máa ń fo ìpààrọ̀ yìí, àbájáde wọn kì í sì dúró.

Ẹ má lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ etí Bluetooth láé, torí ó máa ń fa ìró sẹ́yìn. Ẹ so wáyà ìró mọ́ ojú ihò kan tó ṣófo lára EEG, kí ẹ wo iye ms tó wà láàárín àmì tí kọ̀ǹpútà fi sí ìbẹ̀rẹ̀ ìró àti ìró fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irun wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé onírun dídì padà sílé. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, obìnrin ò ní pọ̀ nínú iṣẹ́ yín. Ṣùkú máa ń kó irun jọ sí àtàrí, níbi tí Cz, electrode àárín orí, gbọ́dọ̀ wà gan-an. Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú pé kí wọ́n di kòlẹ́sẹ̀ tó lọ tààrà láti iwájú dé ìpàkọ́, kí electrode lè jókòó sójú ìlà. Arnelle Etienne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jáde ní 2020, pẹ̀lú kílíìpù tó ń wọ abẹ́ irun dídì. Kí wọ́n má fi òróró pa orí lọ́jọ́ náà, torí jẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi ń so electrode mọ́ orí ò ní mú awọ orí.