Ọ̀bẹ àpò fún iṣẹ́ ọ̀gbìn: eléyín ni àbí aláìléyín?

Àbúrò mi, o béèrè pé nínú ọ̀bẹ àpò eléyín, tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ayùn, àti aláìléyín, tí ẹnu rẹ̀ lọ gbọọrọ, èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ igi ọ̀gbìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ mú, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lowó rẹ̀ ká. O ní ọlọ́jà sọ fún ọ pé eléyín ni kí o rà, torí pé kì í kú. Mú aláìléyín. Ohun tó jẹ́ kí n lè là á mọ́lẹ̀ báyìí ni pé mo ti fi eléyín ṣòfò rí, igi onígi ni mo sì fi ṣòfò.

Ìbàdàn ni mo wà, ọdún 22 rèé tí mo ti ń tọ́ ọmọ igi tà. Ọsàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà máńgòrò àti píà. Ọ̀bẹ tó wà lápò mi kì í sinmi. Òun ni mo fi ń já okùn ẹnu àpò ìgbẹ́ adìẹ, òun ni mo fi ń la láílọ́ọ̀nù dúdú tí a ń kó iyẹ̀pẹ̀ sí, òun ló ń gé hóòsì, òun náà ló ń bó ọsàn tí mo bá fẹ́ mu. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀bẹ tí a fi ń lọ́ igi, ìyẹn ni pé kí a gbé ojú igi kan sára igi mìíràn kó lè máa hù níbẹ̀, dá dúró. Ní NIHORT ní Ìdí-Iṣin, ilé ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe fún ìyẹn nìkan, tó ní ahọ́n kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣí èèpo igi. Ó wù mí gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kò lówó ọ̀bẹ méjì, bí ìwọ náà ṣe wí yìí, nítorí náà n kò ní máa sọ fún ọ pé kí o lọ ra méjì.

Ní 2009 mo ra ọ̀kan tó jẹ́ àbọ̀-àbọ̀. Láti ṣóńṣó dé agbedeméjì, ẹnu rẹ̀ lọ gbọọrọ. Láti agbedeméjì dé ìdí èèkù, eyín ló wà níbẹ̀ bíi ti ayùn. Mo rò pé mo ti ra méjì lówó ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ inú mi dùn gan-an, torí okùn tí mo ti máa ń bá jà tẹ́lẹ̀, ó ń já a fàà.

Kò pẹ́ tí ìṣòro fi dé. Ìdí ọ̀bẹ, níbi tó sún mọ́ èèkù, ni agbára ọwọ́ wà. Ibẹ̀ lèèyàn fi ń gé ohun tó bá le, ibẹ̀ náà lèèyàn fi ń fá nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé ibẹ̀ lọ́wọ́ ti lè darí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kó eyín sí. Gbogbo iṣẹ́ tó gba ẹnu gbọọrọ wá já lé ìdajì tó kù níwájú, ìdajì náà sì kú kíá.

Àkókò yẹn ni àgbẹ̀ kan gbé iṣẹ́ fún mi: ọmọ lẹ́mọ́ọ̀nù 120 tí mo máa lọ́ ọsàn mímu sí. O ti mọ bí a ṣe ń ṣe é, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀. A ó ya èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù bíi lẹ́tà T, a ó ṣí i díẹ̀. A ó wá gé ojú kan, ibi tí ẹ̀ka tuntun ti máa ń yọ, kúrò lára ẹ̀ka ọsàn, pẹlẹbẹ, kó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, a ó tì í wọ abẹ́ èèpo náà, a ó sì fi láílọ́ọ̀nù wé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Ibi tí ara ojú ọsàn bá ti lẹ̀ mọ́ ara lẹ́mọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n ti lè so pọ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ̀ láàárín wọn, gbígbẹ ló máa gbẹ.

Nígbà tí iwájú ọ̀bẹ mi kú, mo sún ọwọ́ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín gé ojú ọsàn. Ó ń gé e. Mi ò wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tú láílọ́ọ̀nù, 31 péré ló ṣì tutù nínú 120. Àwọn tó kù ti gbẹ, wọ́n rí bíi ewé tábà. Mo mú díẹ̀ lọ bá bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọn ò bi mí nípa omi, wọn ò bi mí nípa oòrùn. Wọ́n yí ojú ọsàn kan dà, wọ́n fi èékánná fa abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ayùn lo fi gé e ni?” Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó dáadáa. Ilà wà lábẹ́ rẹ̀ bíi poro oko, ilà kan fún eyín kan. Owó ara mi ni mo fi ra ọmọ igi mìíràn dí ti àgbẹ̀ náà, odindi ọdún kan ló sì kọjá kó tó tún gbé iṣẹ́ fún mi.

Nǹkan mìíràn tún wà lára eyín tí a kì í tètè rò. A gbọ́dọ̀ nu ọ̀bẹ bí a bá ti kúrò lára igi kan kí a tó kan òmíràn, nítorí àwọn àrùn ọsàn kan máa ń bá ojú ọ̀bẹ rìn. Ẹnu gbọọrọ rọrùn láti fi aṣọ tí a rì sínú sípírítì nù. Oje igi máa ń dì sínú kòtò eyín, aṣọ kì í sì í dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà pé eléyín kì í kú, mo mọ ibi tó ti rí i. Orí eyín ló máa ń kọ́kọ́ kan ohun tí a ń gé, òun ló ń jìyà. Kòtò tó wà láàárín wọn ń sá sábẹ́ rẹ̀, ó ń mú síbẹ̀. Kódà bí orí eyín ti kú, yóò ṣì máa fa okùn ya. Ọ̀bẹ náà ti kú tipẹ́, ẹni tó ni ín ni kò mọ̀. Ti aláìléyín, ọjọ́ tó bá kú, wàá mọ̀ lára ọsàn àkọ́kọ́ tí o bá bó.

Kí o wá wò ó, pípọ́n rẹ̀ ńkọ́? Mo gbé tèmi fún ọ̀kan nínú àwọn ará Òkè Ọya tó máa ń pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò. Ó pọ́n ọn tọkàntọkàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bó ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ gbogbo èèyàn. Eyín ọ̀bẹ àpò, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ẹ sí, ẹ̀gbẹ́ kejì á tẹ́jú. Nígbà tó fi máa parí, orí eyín ti lọ, kò sì di gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ ayùn mọ́. N kò lè dá a lẹ́bi. Irin róbótó tó tín-ín-rín níwájú tó sì ń tóbi lọ sẹ́yìn ni wọ́n fi ń pọ́n eyín, kòtò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n kò sì rí irú rẹ̀ lọ́jà wa nígbà yẹn.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé àwọn sójà Switzerland ń lo eléyín. Òótọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń lò láti 1961 kò léyín, ṣùgbọ́n èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2008 ní eyín lójú. Victorinox, ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ tó ti wà ní Ibach ní Switzerland láti 1884, ló ń ṣe é. Victorinox yìí kan náà ń ṣe ọ̀bẹ fún àwọn tó ń lọ́ igi, kò sì sí eyín kankan lẹ́nu ìyẹn. Okùn àti bẹ́líìtì ni ti sójà, èèpo igi ni tiwa.

Èmi náà kò kórìíra eléyín. Àna mi kan ń pẹja ní Ẹ̀pẹ́, eléyín ló yẹ òun. Bí okùn àwọ̀n bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, okùn náà tutù, ó ń yọ̀, ọkọ̀ ń mì, kò sí àyè kéèyàn máa wá bí yóò ṣe gé e kó dán. Kó ṣáà já ni. Mo fún un ní eléyín tí mo rà ní 2013, ó ṣì ń lò ó dòní.

Èyí tí mo rà ní 2013 yẹn gan-an ló gé mi lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fi gbé e jáde nílé. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ń já. Eyín ti wọnú okùn, kò lọ, kò bọ̀. Mo fi agbára já a sókè. Ọ̀bẹ yẹn kò ní irin tó ń há ojú rẹ̀ mú kó má lè pa dé. Okùn di ojú ọ̀bẹ mú nísàlẹ̀, ọwọ́ mi gbé èèkù lọ sókè, ọ̀bẹ sì pa dé mọ́ ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò mi. Ọ̀bẹ tó mú á la ara, ojú ọgbẹ́ á sì tètè pa dé. Ti eyín, ńṣe ló ya ẹran ara mi. Abẹ́rẹ́ 6 ni wọ́n fi rán an, ó lé ní oṣù kan kí n tó lè di èèkù mú, bí ọyẹ́ bá sì ti dé báyìí, ìka yẹn kì í mọ nǹkan lára. Nítorí náà, èyíkéyìí tí o bá máa rà, kó jẹ́ èyí tó ń há. (Tí o bá máa fún àna rẹ, sọ èyí fún un pẹ̀lú. Mo sọ ọ́ fún tèmi.)

Ó ku ti okùn, torí mo mọ̀ pé òun ló ń dẹ́rù bà ọ́. Ọdún púpọ̀ ni mo lò kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Òkúta ìpọ́nbẹ olójú méjì tí wọ́n ń tà lọ́jà, ojú kan rẹ̀ ṣágiṣàgi, èkejì kúnná. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi gbogbo ọ̀bẹ lọ ojú ṣágiṣàgi, wọ́n á sì fi gbogbo rẹ̀ lọ ojú kíkúnná. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́ta ọ̀bẹ rẹ, ìdá kan tó sún mọ́ èèkù, ojú ṣágiṣàgi nìkan ni kí o fi pọ́n ọn, kí o dúró níbẹ̀. Ìdá méjì tó kù títí dé ṣóńṣó ni kí o gbé dé ojú kíkúnná. Òkúta ṣágiṣàgi máa ń fi àpá wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ, ojú lásán kò lè rí i, òun ló sì máa ń bu okùn jẹ bí eyín ṣe ń bù ú jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bó bá kú, ìṣẹ́jú méjì lórí òkúta, ó ti pa dà. Bí o bá wá fẹ́ já okùn, má ṣe rẹ́ ẹ bíi pákó. Ká okùn kọjá lẹ́nu ọ̀bẹ nídìí, kí o fà á lẹ́ẹ̀kan, fífà gígùn.

Bí ọ̀bẹ ṣe máa dùbúlẹ̀ lórí òkúta náà kò le. Gbé e dúró ṣánṣán, dá a sí méjì, tún ìdajì yẹn dá sí méjì. Ibẹ̀ ni kí o máa pọ́n ọn sí. Bí o bá ti pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí tí o fi ń fọwọ́ kan etí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, yí i pa dà. Parí rẹ̀ sára bẹ́líìtì aláwọ tó ti gbó, ẹ̀yìn ọ̀bẹ níwájú, ẹnu lẹ́yìn, kó má baà gé bẹ́líìtì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ṣe tèmi.

Tí o bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, wá èyí tí ojú rẹ̀ kò nípọn, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8, tó sì ń há gbọn-in. Irin tó máa ń dípẹtà ni èmi ń lò, torí ó yá pọ́n, ṣùgbọ́n oje ọsàn ń sọ ọ́ di dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, n kò sì gbọ́dọ̀ sùn láìnù ún kí n fi òróró pa á. Ìwọ mú èyí tí kì í dípẹtà ná. Bí ó ṣe máa ti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà dé kò ní mú tó, nítorí náà pọ́n ọn kí o tó gbé e dé ara igi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà gé ojú ọsàn kan, yí i dà, kí o gbé e síwájú oòrùn. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ń dán láìsí ilà kan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.