Owó alokéṣọ̀n kò mọ ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ ló mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ìdí tí ìlú yín fi tóbi tó báyìí tí alokéṣọ̀n, owó tó ń ti Àbújá wá lóṣooṣù, kò sì ju ti àwọn ìlú kéékèèké lọ, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣúná káńsù kan, ọ̀rọ̀ yìí sì ti jẹ mí níyà.

Àbújá kì í pín owó fún ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń pín in fún. Ìlú tí wọ́n bá gé sí ọ̀nà púpọ̀, ẹnu tó fi ń jẹ pọ̀ nìyẹn. Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ 11, Ìlọrin ní 3, Abẹ́òkúta ní 2.

Tí wọ́n bá ti yọ ìdá 13 nínú 100 owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde, ìjọba àpapọ̀ á mú 52.68 nínú 100 ohun tó kù, àwọn ìpínlẹ̀ á mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 á sì wá pín 20.60. Ibi tí 20.60 yìí ti ń pín gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n ń pín dọ́gba-dọ́gba: káńsù tí èrò ń wọ́ tìrítìrí àti káńsù tí oko pọ̀ ju ilé lọ, iye kan náà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ìdá 30 péré ló ń wo iye èèyàn. Ìyókù ń wo bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, owó tí wọ́n ń pa wọlé fúnra wọn, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti omi. Iye èèyàn ọ̀hún náà, ọdún 2006 la ti ka ara wa gbẹ̀yìn. Àdúgbò tó jẹ́ igbó nígbà yẹn tó ti di ilé jọ̀ǹgbọ̀nkọ̀n lónìí, kò sẹ́ni tó kà á.

Èkó gbìyànjú àtitún un ṣe. Lọ́dún 2003 wọ́n dá LCDA 37, ìyẹn káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà. Nígbà tó di 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó àwọn káńsù Èkó dúró torí ẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ààrẹ kò láṣẹ àtidá a dúró, ṣùgbọ́n pé àwọn tuntun yẹn ò tíì fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ á fi kọ wọ́n sínú ìwé òfin. 20 náà ni wọ́n ṣì ń bá Èkó kà, nígbà tí Kánò ní 44.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pín in, ibi tó ń gbà kọjá ni. Abala 162 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí owó káńsù wọ àpò àjọni kan lábẹ́ ìpínlẹ̀. Lóṣooṣù la máa ń lọ jókòó nípàdé, wọ́n á gbé ìwé kan sí iwájú wa: owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 5 nínú 100 fún àwọn ọba. Mi ò bá wọn jà lórí ìwọ̀nyẹn. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ni ìlà kan máa ń wà tí wọ́n pè ní "iṣẹ́ àjọṣe". Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan pé iṣẹ́ wo, níbo. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i, ó sì ń dùn mí di òní.

Òjò ọdún yẹn gbé afárá kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà lọ. Àwọn ìyálọ́jà wá bá wa lẹ́nu géètì. Màmá àgbàlagbà kan na fóònù sí mi, iye tí Àbújá kéde fún káńsù wa lóṣù náà ló wà lójú ẹ̀. "Ọmọ mi, níbo lẹ kó o sí?" Irọ́ kọ́ ló pa. Iye náà pé. Ohun tó wọ báńkì wa kàn kéré sí i gan-an ni, bá a sì ṣe san owó oṣù òṣìṣẹ́ tán, a ò rí owó sìmẹ́ńtì.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ní lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Torí náà ẹ má kàn béèrè iye tí ìlú yín gbà. Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ béèrè: èyí tí Àbújá kéde, àti èyí tó fi iye tó wọ báńkì káńsù hàn, ti oṣù kan náà. Màmá tí mò ń sọ yẹn ò kàwé púpọ̀. Nígbà tí mo tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú ẹ̀ tí mo ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún un, kò pẹ́ rárá tó fi fìka lé ìlà tí owó afárá gbà lọ.