Ọkà tó jóná ní Jẹ́ríkò: ta ló ń ka ọjọ́ orí rẹ̀?

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń kọ́ ní Bíbélì. Ìwé kan ní àwọn awalẹ̀pìtàn ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé nǹkan bí 1400 ṣáájú Kristi ni Jẹ́ríkò jóná, òmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó fi apá kan ẹ̀rí pamọ́?

Ìdáhùn: Inú 1 Àwọn Ọba 6:1 ni 1400 yẹn ti wá: 480 ọdún láti ìjádelọ dé ọdún kẹrin Sólómọ́nì. Bí ọdún kẹrin náà bá jẹ́ 966 ṣáájú Kristi, ìjádelọ bọ́ sí 1446. Ẹ yọ 40 ọdún aginjù, ó ku 1406. Ìṣirò nìyẹn o, wọn ò hú u nílẹ̀.

Awalẹ̀pìtàn Garstang, tó walẹ̀ ní Jẹ́ríkò ní 1930 sí 1936, ní ogiri ìgbà Jóṣúà lòun rí. Awalẹ̀pìtàn míì, Kenyon, dé ní 1952, ó ní ogiri yẹn ti wó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú, àti pé ìlú tó jóná lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí 1550 ṣáájú Kristi. Ìwé tó bá dárúkọ Garstang tó fo Kenyon, ẹ fura sí i. Àmọ́ ohun tí Kenyon náà gbára lé ni pé òun ò rí àpáàdì ìkòkò láti erékùṣù Kípírọ́sì, irú èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ ká ní ìlú náà ṣì wà ní nǹkan bí 1400, bẹ́ẹ̀ ibi kékeré ló gbẹ́. Bryant Wood, awalẹ̀pìtàn tó ń gbèjà 1400, sọ èyí ní 1990, kò sì jẹ̀bi níbẹ̀.

Ìkòkò ọkà gan-an ni kókó. Garstang àti Kenyon bá ìkòkò tó kún fún ọkà tó ti jóná. Àwọn tó ń gbèjà 1400 a máa tọ́ka sí i: ọkà kún ìkòkò, ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, bí Jóṣúà 3:15 ṣe wí, ìsàgatì ò sì pẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi kábọ́nù-14, ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí nǹkan tó ti wà láàyè rí, wọn irú ọkà yìí kan náà. Àbájáde ọkà mẹ́fà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 jẹ́ 3306 ọdún kábọ́nù, tí wọ́n ń kà sẹ́yìn láti 1950, àṣìṣe rẹ̀ ò ju 7 lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú: wọ́n á yọ 1950 kúrò, á ku 1356, wọ́n á ní ó sún mọ́ 1400. A kì í yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kábọ́nù inú afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan, òrùka inú igi la fi ń tún iye náà ṣe. Tí wọ́n bá tún un ṣe, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú 1400. Ọkà sì ṣeé gbára lé ju èédú lọ: ọdún kan ni ọkà ń lò lóko, èédú lè jẹ́ ti igi àjà tó ti gbó kó tó jóná.

Bí ẹ bá rí “1410” nínú ìwé kankan, ẹ wá BM-1790, nọ́ńbà ohun kan tí wọ́n kó láti Jẹ́ríkò lọ wọ̀n. Èédú ni. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ni 3080, ibẹ̀ ni 1410 ti wá. Iléeṣẹ́ tó wọ̀n ọ́n rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì tún un ṣe sí 3300, pẹ̀lú àṣìṣe tó lè tó 110. Ìwé tó ṣì ń lo 3080 ń lo èyí tí wọ́n ti fagi lé.