Onídùúró àti onígbọ̀wọ́, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọlọ́pàá gbé ọmọ aládùúgbò wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọ́n lóun náà wà nínú àwọn tó jà tí wọ́n fi fọ́ ṣọ́ọ̀bù onísọ́ọ̀bù. Adájọ́ ní kó mú onídùúró méjì wá. Bàbá mi fẹ́ lọ, ìyá mi fárígá, wọ́n ní ọkọ àwọn ò ní ṣe onígbọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì? Tí wọ́n bá sì ti gba béèlì èèyàn, ṣé ẹjọ́ ti parí nìyẹn?"

Àbúrò, ẹjọ́ ò tíì parí. Kódà, ó lè má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn ẹbí ń fò sókè lẹ́nu ọ̀nà kóòtù pé "wọ́n ti dá a sílẹ̀!" Wọn ò dá a sílẹ̀, wọ́n gbà á sílẹ̀ ni. Adájọ́ ló ń dá èèyàn sílẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ tọ̀tún tòsì. Gbígbà sílẹ̀ ní tirẹ̀, ẹnìkan ló na ọwọ́ gbà á, ẹni tó sì na ọwọ́ gba nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ti béèrè rẹ̀.

Ó yá, ká wá wo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Mẹ́ta ni wọ́n lójú tèmi, ìwọ dárúkọ méjì. Èyí tó ṣẹ́ kù ni "dógò". Bí o bá gun ọ̀kadà láti Sábó, tí o dé ibi tí ò ń lọ tí o rí i pé owó ò sí lápò, o lè fi fóònù rẹ dógò kí o sáré wọlé lọ mú owó wá. Nǹkan la fi ń dógò. Onígbọ̀wọ́, gbèsè ló sábà máa ń bá lọ. Láyé ìwọ̀fà, nígbà tí èèyàn ń yáwó tí ó sì ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó títí yóò fi san án, onígbọ̀wọ́ máa ń wà nídìí àdéhùn náà, tí ọ̀rọ̀ bá di ariwo, òun ni wọ́n ń wá lọ. Lónìí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ sí i. Iléeṣẹ́ tó sanwó ètò orí rédíò ń jẹ́ onígbọ̀wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa lọ bi í ní gbèsè ẹnikẹ́ni.

Onídùúró ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ béèlì. Kì í ṣe owó ló kọ́kọ́ dúró fún, ara èèyàn ni. Ohun tó ń sọ fún kóòtù ni pé: ọmọ yìí ń lọ sílé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá pè é, yóò wá, bí kò bá wá, èmi rèé. Ẹ wo bí èdè wa ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ ń dúró de ìgbẹ́jọ́, ẹni kejì sì dúró fún un. Àwọn méjèèjì ni wọ́n wà lórí ìdúró, kò sí èyí tó tíì jókòó nínú wọn.

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹ gbọ́ bí oníròyìn ṣe máa ń kà á: "Adájọ́ gba béèlì rẹ̀ pẹ̀lú ₦200,000 àti onídùúró méjì níye kan náà." Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n ti ka owó yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Rárá. Ìwé ni wọ́n fọwọ́ sí, pé bí olùjẹ́jọ́ bá sá, àwọn yóò san iye yẹn fún ìjọba. Tó bá ń wá déédéé títí ẹjọ́ fi parí, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n ní kọ́bọ̀. Èyí já sí pé onídùúró ni bàbá rẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ló di onígbọ̀wọ́. Bí wọ́n bá sì gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù, ó ti fi ilé dógò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí èèyàn kan. Mi ò bá ìyá rẹ wí.

Mo rántí bàbá àgbàlagbà kan tí mo bá pàdé nínú ọgbà kóòtù. Nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń ra ẹ̀wà ló kó gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ sí: fọ́tò pélébé méjì, rìsíìtì owó orí, ìwé ilẹ̀ tó ti pọ́n bí epo létí. Akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í léèrè ibi tí ilé náà wà, bàbá fi ọwọ́ júwe rẹ̀ bí ẹni ń darí àlejò: tí ẹ bá kọjá mọ́ṣáláṣí, ẹ yà sọ́wọ́ òsì, ẹ béèrè ilé alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ní wọ́n á rán èèyàn lọ wò ó ná. Ọmọ tó wá gbà ò tiẹ̀ bá a tan, ọmọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe àjọ ni.

Bí ẹ bá wá ní kí ló dé tí wọ́n ń gba béèlì ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà" ti dáhùn kí òfin tó dáhùn. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé aláìlẹ́ṣẹ̀ ni afurasí títí a ó fi rí ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Abala 35 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un. Ògbómọ̀ṣọ́ ní kóòtù, Ọ̀yọ́ ní kóòtù, kò sí àwáwí ọ̀nà jíjìn. Béèlì ti teṣàn sì rèé, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn kọ ọ́ sára ògiri. (Bí ògiri ṣe ń bá àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni mi ò lè ṣàlàyé.)

Ẹ̀sùn ìpànìyàn yàtọ̀. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè gba béèlì lórí ẹ̀, ìdí pàtàkì sì gbọ́dọ̀ wà. Fáìlì á lọ sí Ìbàdàn fún ìmọ̀ràn àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, olùjẹ́jọ́ á sì padà sí àhámọ́. Àwọn tó ń dúró bẹ́ẹ̀ ò kéré: nígbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́ lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2021, àwọn tó jáde lé ní 800, àwọn tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ sì ni. Wọn ò fọ́ ibi tí àwọn tí adájọ́ ti dá lẹ́bi wà.

Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìbéèrè yìí ti wá. Kí ni orúkọ ìlú yín? Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ògúnlọlá ọdẹ, bí àwọn àgbà ṣe ń pa á nítàn, lu ọkùnrin kan tó rí i fín pa, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Aláàfin fún ìdájọ́. Inú àhámọ́ ló wà tó ti gbọ́ pé jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń fojú Ọ̀yọ́ rí màbo. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kò ó lójú. Wọ́n tú u sílẹ̀, ó gba inú igbó lọ, bó bá sì jẹ́ pé ó gba ibẹ̀ sá lọ, ta ni ì bá lé e bá? Ó padà wá, pẹ̀lú orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Aláàfin fẹ́ kó dúró ti òun, Ògúnlọlá ní "ẹ jẹ́ kí n máa ṣe ọ̀hún", ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ọba ìlú yín ní Ṣọ̀ún. Mi ò sọ pé béèlì ni o, agbẹjọ́rò á fi mí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n afurasí tó jáde ní àhámọ́ tó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá siwájú adájọ́, òun ló tẹ ìlú yín dó.

Ẹni tó bá sá ńkọ́? "Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje." Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bá mú lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa rìn títí kó tó rí onídùúró.

Ohun kan kù tí wọn kì í sọ fún àwọn onídùúró: ó lè yọwọ́. Bí bàbá rẹ bá rí i pé ọmọ náà ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí kì í sùn sílé mọ́, kó padà lọ sọ fún kóòtù pé òun ò ṣe mọ́. Wọ́n á ní kí wọ́n mú olùjẹ́jọ́ wá, kí ó wá ẹlòmíràn. Kó má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìyá rẹ gan-an ló wù láti dúró, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Kí bàbá rẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, kó kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà ní pálọ̀, níbi tí ìyá rẹ náà ti lè rí i.